Ta Ní Ń Jẹ́ Orúkọ Ìlú Wa Tí N Ò Mọ̀?

Èmi tí ẹ ń wò yìí, láti Ọ̀jọ́ọ̀ títí dé Mọ́níyà, kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀ tí n ò mọ ilé tó ti wá. Bí n ò bá mọ bàbá rẹ̀, màá mọ ẹni tó jẹ lówó. Ẹ wá wo ìwọ̀sí tí Àǹtí Tíṣà fi lọ̀ mí nídìí igbá fùfú mi. Ó ní ẹnì kan wà nítòsí wa níbí tó ń jẹ́ Ìbàdàn, pé àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò ó. Èmi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí! Mo ní ọkùnrin ni àbí obìnrin? Ó ní méjèèjì wà. Mo ní há à, ọ̀rọ̀ ti dójú ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹyẹ ni.

Ẹyẹ! Ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìwọ̀sí náà ò tíì tán lára mi. Malimbe Ìbàdàn ni wọ́n ń pè é. Ìbátan ẹ̀gà ni, ẹ̀gà tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé Bàbá Láńlọ́ọ̀dù yìí náà. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Elgood, tó ń kọ́ wọn nípa ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn láyé ìgbà tó ṣì jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló júwe rẹ̀ fáyé gbọ́ ní 1958. Malimbus ibadanensis ló sọ ọ́. Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira, ẹyẹ ti gba orúkọ ìlú wa. Kò sì sí níbòmíràn láyé ju apá ilẹ̀ Yorùbá níbí lọ: ẹ wá a dé Gánà, ẹ wá a dé Kánò, ẹ ò ní bá a. Wọ́n tiẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀dá tó lè parun, torí igbó tó ń gbé là ń ṣán dáko, òun náà là ń gé kọ́lé. Ẹ wo ọ̀nà Akánrán, ẹ wo Ajíà, ẹ wo Làlúpọn, ẹ wo Ẹrúnmu. Pátákó ilẹ̀-títà ti pọ̀ ju igi lọ.

Mo ní ìbátan ẹ̀gà ni. Ìyá Alákàrà ló sọ èmi náà ní Ẹ̀gà ládùúgbò yìí. Ó ní ẹnu mi kì í sinmi. Ẹ bá mi bi í, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ra ọ̀kadà tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀? Èmi kọ́ o. Èmi kàn fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Àǹtí Tíṣà fẹ́ kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ lọ wo ẹyẹ nínú igbó IITA lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀, ó sì ń wá àgbà obìnrin tó máa bá a mójú tó àwọn ọmọ. Mo ní èmi rèé. Ìyá Alákàrà gbọ́ pé mò ń lọ, òun náà bomi paná ààrò. Kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ ló gbé e o. Kò kàn fẹ́ kí n rí ohun tí òun ò rí ni.

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Mọ́níyà. Mọ́níyà yìí náà ti kúrò ní Mọ́níyà àtijọ́. Láti 2021 tí rélùwéè Èkó ti ń gbé èrò wá sí ibùdókọ̀ ojú irin Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, irú èèyàn tí a ò rí rí la wá ń rí. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ tàwọn ti fìlà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí, wọ́n á gbé awò kọ́rùn, wọ́n á máa wo òkè wo ilẹ̀. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù rò pé àwọn awọnlẹ̀ ni, pé ọmọ onílẹ̀ kan ló rán wọn wá. Ó ti fi àdá lé irú wọn kúrò lẹ́yìn ilé rí. Ẹyẹ ni wọ́n ń wò, ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọjá níwájú géètì IITA ní Ìdí-Ọ̀sẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ẹ máa rò pé inú ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n ń jókòó sí. Iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ni, 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilẹ̀ wọn sì tó 1,000 hẹ́kítà. Nínú rẹ̀, bíi 350 hẹ́kítà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún igbó. Oko ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí ọkọ́ kúrò nílẹ̀, tí àáké kúrò lára igi, igbó náà hù padà fúnra rẹ̀, ó di igbó kìjikìji, adágún omi ńlá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní igba oríṣi.

Bí mo ṣe dárúkọ IITA yìí, ẹ jẹ́ n yà sọ́dọ̀ agbọ́n díẹ̀. Ẹ rántí ìgbà tí kòkòrò funfun kan ń mu omi ara ẹ̀gẹ́, tí ewé ń ká kò, tí iṣu ẹ̀gẹ́ ò tó ohun tí à ń hú? Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá. IITA wá ọ̀tá rẹ̀ dé ilé, wọ́n rí agbọ́n tín-ín-tín kan ní Paraguay, wọ́n kó o wá, wọ́n tú u sóko. Inú kòkòrò náà gan-an ni agbọ́n yìí ń yé ẹyin sí, láàyè, ọmọ á wá jẹ ẹ́ láti inú bọ́ síta. Hans Herren, ará Switzerland tó ṣáájú iṣẹ́ náà, gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ fùfú mi, tí ẹ ń ní mo ti dín in kù, agbọ́n ló kó yín yọ. Mi ò rí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ agbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Awò.

Bọ̀dá tó ń mú wa kiri igbó pín awò olójú méjì fún wa, ó kọ́ wa bí a ṣe ń yí irin àárín rẹ̀ títí ojú ẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló gbé irú nǹkan báyìí pamọ́ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé? Kí n má tàn yín, ẹyẹ kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Àgùnbánirọ̀ méjì wà lódìkejì adágún, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ẹyẹ làwọn náà ní àwọn wá wò. N ò ní sọ̀rọ̀ jù. Mo kàn mọ̀ pé ẹyẹ tí wọ́n ń wò ò sí lórí igi. Ìyá Alákàrà ń fa okùn awò mọ́ mi lọ́rùn, “Jẹ́ n rí i, Ìyá Onífùfú, jẹ́ n rí i!” Bọ̀dá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mọ́mì, ẹ rọra, ẹyẹ á fò lọ.” Mo ní kó fò, ọmọ mi, òmíràn á bà, ti ọ̀hún yẹn ni kò gbọ́dọ̀ fò.

Òfin wọn nínú igbó ni pé kí gbogbo ẹnu dákẹ́, kí etí ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ẹyẹ tí èèyàn á gbọ́ nínú igbó dídí máa ń pọ̀ ju èyí tí yóò fojú rí lọ. Ìyá Alákàrà ní ọ̀rọ̀ dé bá mi lónìí. Kò mọ nǹkan kan. Kí n dúró sẹ́yìn ewé, kí n má mí, kí n máa gbọ́ ohun tí ẹni tí kò rí mi ń sọ: kí ni mo ti ń ṣe lẹ́yìn fèrèsé láti ọjọ́ yìí?

Ẹlúlùú ló kọ́kọ́ ké, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ hùhùhù. Àwọn ọmọ pariwo pé ó ń pòjò. A máa ń wí pé ẹlúlùú tó pòjò, orí ara rẹ̀ ni yóò rọ̀ lé. Ti ọjọ́ yẹn, orí gèlè Ìyá Alákàrà ló rọ̀ lé, gèlè ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní òun ò ní wé sí ọjà. Ta ní ń wé gèlè lọ wo ẹyẹ?

Oṣù kẹrin ni oṣù tí àlejò ń lọ. Lékeléke tó bo ibi tí màálù ti ń jẹko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ń tẹ̀lé òjò lọ sí òkè ọya, àwọn ọmọ sì ń na ọwọ́ sí ìwọ̀nba tó kù, wọ́n ń tọrọ èékánná funfun. Mo na tèmi náà, a kì í mọ̀. Lójú adágún, alápàáńdẹ̀dẹ̀ ń yí bìrí, wọ́n ń ṣa kòkòrò lójú òfuurufú. Bọ̀dá ní àwọn kan nínú wọn kì í ṣe ará ilé, ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti wá sá òtútù. Ìgbà ìrúwé ti dé lọ́hùn-ún, kòkòrò ti ń jáde, ojúmọ́ ti ń gùn, wọ́n fẹ́ padà lọ yé, lọ pa. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ ló máa dá aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Ní Ebbaken ní Ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan nínú wọn tó máa ń sùn pọ̀ sínú eèsún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mílíọ̀nù kan nínú àgbàlá kan! Yàrá mẹ́jọ péré la jẹ́ nílé wa, a ò tíì rí ọjọ́ kan tí ìjà ò sí ní balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ n dé ibi tó dùn. Àtíòro fò kọjá lórí wa, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún fùù fùù, ẹnu rẹ̀ ti ṣíwájú ara rẹ̀ dé. Bọ̀dá ní tí ìyàwó àtíòro bá fẹ́ yé, yóò wọ inú ihò igi, wọ́n á fi ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ́ ẹnu ihò náà pa, yóò wá ku ojú tín-ín-rín kan tí ṣóńṣó ẹnu lè gbà. Inú ibẹ̀ ni obìnrin máa wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìyẹ́ tó fi ń fò gan-an á re, kó má tilẹ̀ rò ó pé òun fẹ́ jáde. Ọkọ ni yóò máa wá èso, wá kòkòrò, yóò máa tì í bọ ojú ihò fún ìyàwó àti ọmọ.

Ìyá Alákàrà ní, “Ìgbéyàwó nìyẹn! Ọkọ tó ń bọ́ aya.”

Mo ní ìyẹn kì í ṣe ìgbéyàwó, àtìmọ́lé ni.

Ó ní àtìmọ́lé tí wọ́n ti ń gbé oúnjẹ wá bá èèyàn ní gbogbo wákàtí, tí kò ní dáná, tí kò ní dúró nídìí epo gbígbóná, kí wọ́n fi àpótí bá òun gbé ẹrù òun síbẹ̀. Mo dákẹ́. Mo mọ iye tí ọkọ rẹ̀ ń gbé kalẹ̀ lóṣù. N ò ní sọ ọ́. Kò tó owó ẹ̀wà.

Ẹ̀san dé létí omi. Ẹyẹ kan ń rìn lórí ewé òṣíbàtà, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn débi pé ewé náà ò rì, ọrùn rẹ̀ funfun, iwájú orí rẹ̀ búlúù. Ti ẹ̀yà ẹyẹ yìí, obìnrin ló ń kó ọkùnrin jọ. Obìnrin ló tóbi, obìnrin ló ń lé obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó bá yé ẹyin fún ọkọ kan tán, ó di ọ̀dọ̀ ọkọ kejì. Ọkọ ló ń sàba, ọkọ ló ń tọ́ ọmọ, bí ewu bá sì dé, yóò há àwọn ọmọ sábẹ́ ìyẹ́, yóò máa gbé wọn sá, ẹsẹ̀ wọn á máa rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ ọ, mo káwọ́ sókè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Tíṣà ọkùnrin kan tó bá wa lọ fa bọ̀dá sẹ́yìn, ó ní kó má sọ irú ìyẹn mọ́ níwájú àwọn ọmọbìnrin. Ó ti pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ti ń bi Àǹtí Tíṣà pé ọkọ mélòó ni ẹyẹ náà máa ń ní. Ó lè tó mẹ́ta, mẹ́rin, ni bọ̀dá tó ń fi etí kejì gbọ́ wọn dáhùn.

Ti ẹ̀gà wá kọ́. Gbogbo ariwo tó ń dí wa lójú oorun lórí ọ̀pẹ Láńlọ́ọ̀dù yẹn, mo rò pé ìjà ni. Ọ̀rọ̀ ilé ni! Ọkùnrin ló ń hun ilé. Yóò ya imọ̀ ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fi ẹnu ta kókó rẹ̀, ilé á délẹ̀, yóò wá dorí kodò lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa gbọn ìyẹ́, yóò máa ké pe obìnrin. Obìnrin á dé, á wọlé, á fa ibí, á tu ọ̀hún wò, bí kò bá wù ú, á bá tirẹ̀ lọ. Bí ewé ilé náà bá gbẹ tí ẹnikẹ́ni ò gbà á, ọkùnrin náà á tú u palẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Àkọ́bí Láńlọ́ọ̀dù kọ́lé sí Àróró. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wo ilé ìdáná, kò sọ nǹkan kan, ó wọ mọ́tò padà sí Èkó. Ilé ṣì wà níbẹ̀, kò tú u. Bàbá rẹ̀ ló kù tó fẹ́ gé ọ̀pẹ, ó ní àwọn ẹ̀gà ti ya gbogbo imọ̀ rẹ̀ tán. Mo ti sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá gé e, kó má retí owó ilé lọ́wọ́ mi.

Olè wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gà yẹn o. Ẹyẹ kékeré kan wà, ara rẹ̀ ń dán gbinrin, ó tutù bí ewé. Kì í kọ́lé. Yóò ṣọ́ ẹ̀gà títí á fi jáde, yóò yọ́ wọlé, yóò yé ẹyin tirẹ̀ sáàárín, kí ẹ̀gà lè bá a tọ́mọ. Ẹ̀gà náà ò kúkú gọ̀. Ẹyin ẹ̀gà kan á funfun, ti èkejì á jọ omi aró, ti ẹ̀kẹta á ní tótòtó; ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, á sì ju ti àjèjì dànù. Láyé òwò ẹrú, wọ́n kó ẹ̀gà wa dé erékùṣù Hispaniola, níbi tí Haiti wà. Ẹyẹ olè yẹn ò bá wọn débẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá wádìí ẹyin wọn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n rí i pé ti ẹnì kan ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì mọ́. Ẹ̀yin obìnrin tó ń fi ọ̀dà kọ orúkọ sídìí kúlà kí ẹ tó gbé e lọ síbi òde, ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Bí kò bá sí Ìyàwó Láńlọ́ọ̀dù ládùúgbò, ta ló máa ra ọ̀dà?

Bọ̀dá bi wá pé ìgbà wo la rí gúnnugún gbẹ̀yìn. Gbogbo wa wo ara wa. Èmi tí mo máa ń lọ ra pọ̀nmọ́ ní ilé ìpẹran Àmósùn, n ò lè rántí. Ó ní láti 2015 ni wọ́n ti kọ irú tiwa mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kó parẹ́, pé májèlé ń pa wọ́n, pé èèyàn sì ń pa wọ́n ṣe oògùn. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, àwọn bàbá wa ló wí i. Ibi tí wọ́n ti ń ta orí rẹ̀ nínú ọjà, mo mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń rà á, mo mọ ilé rẹ̀. Èyí nìkan ni n ò ní sọ, ẹ má bi mí.

Oòrùn ti ń kan àtàrí bọ̀ nígbà tí bọ̀dá gbé ọwọ́ sókè. Lókè téńté igi arère kan, oríṣiríṣi ẹyẹ ń bá ara wọn rìn, wọ́n ń tú abẹ́ ewé wá kòkòrò. Ọ̀kan wà láàárín wọn, dúdú kirikiri, orí rẹ̀ pupa fòò. Mo fi awò bá a. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó yí, ewé bò ó, ó fò.

Mo ké, “Ọmọ Ìbàdàn! Ẹ káàbọ̀ o!”

Bọ̀dá ní òun ò rí àyà rẹ̀. Mo ní kí ni ti àyà? Ó ní ìdílé tí aṣọ wọn jọra ni: ọ̀kan wà tí pupa tirẹ̀ mọ sí orí àti ẹ̀yìn ọrùn, ọ̀kan wà tí abẹ́ ìdí rẹ̀ pupa, ọ̀kan wà tí ìyẹ́ rẹ̀ yọ gogoro lórí. Ti Ìbàdàn, pupa náà máa ń bọ̀ láti orí wá dé àyà, ti obìnrin kéré sí ti ọkùnrin. Mo ní àyà ẹ̀ pupa. Ìyá Alákàrà ní ìdí ló pupa. Ó lójú lóòótọ́? Ojú tó fi ka ṣéńjì fún mi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó fi dín, òun náà ló fi rí ìdí ẹyẹ lórí arère.

Bọ̀dá kọ nǹkan sínú ìwé. Mo na ọrùn wò ó. Aago mélòó, ibo, ẹyẹ wo, mélòó ni wọ́n, ta ló wà pẹ̀lú ta, kí ni wọ́n ń ṣe. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n! Olófòófó ẹgbẹ́ mi nìyí! Ohun tí wọ́n ń bú mi fún ní Mọ́níyà, wọ́n ń fi gba dìgírì ní Jos. Iléèwé wà lọ́hùn-ún tó ń jẹ́ A.P. Leventis Ornithological Research Institute, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Àwọn ló wà nídìí àkójọ kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2015, Nigerian Bird Atlas. Wọ́n gé Nàìjíríà sí ilẹ̀ onígun mẹ́rin kéékèèké, ìhà kan bíi kìlómítà 9. Ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ á wọ inú ọ̀kan, á lo wákàtí 2 ó kéré tán, gbogbo ẹyẹ tó bá rí tàbí tó gbọ́ ohùn rẹ̀ á máa kọ wọ́n sórí fóònù bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ léra. Wọn ò gba kọ́bọ̀ o. Ìfẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló ń lé wọn kiri.

Ibi tí èmi àti wọn ti yà rèé: ohun tí kò bá dá wọn lójú, wọn kì í kọ ọ́ bí ẹni pé ó dá wọn lójú. Ó kọ malimbe sílẹ̀, ó fi àmì ìbéèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pa ìwé dé. Mo ní àgbà obìnrin rí i, o fi àmì ìbéèrè sí i? Ó ní, “Ẹ má bínú mọ́mì, ẹ̀yin méjì tẹ́ ẹ rí i, ẹnu yín ò kò.” Bí èmi bá ní kí n dúró dìgbà tí ẹnu ẹlẹ́rìí bá kò, kí ni n ó máa rí sọ? Ọ̀kadà yẹn ì bá ti di ògbólógbòó kí n tó rí ọ̀rọ̀ ọkọ Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ.

Kí a tó jáde, mo fa bọ̀dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í ní iye tí wọ́n ń ta awò. Ó ní tuntun gbówó lórí, àmọ́ tòkunbọ̀ wà. Mo ní kó bá mi wá tòkunbọ̀, èyí tí ojú rẹ̀ mọ́. Àwa méjì péré la sọ ọ́ o, lẹ́yìn igi, ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo ń gbọ́ gbà gbà gbà. Ìyàwó Láńlọ́ọ̀dù ló ń kan ìṣó mọ́ fèrèsé tó kọjú sí tèmi, ó ń ta kọ́tìnnì. Mo wo Ìyá Alákàrà, Ìyá Alákàrà ń wo ilẹ̀. Kọ́tìnnì náà dára, n ò ní parọ́, aláwọ̀ osùn ni, ó sì nípọn. Ọjà Ṣásà ló ti rà á. Àwìn ni.